Ta Ló Ti Ilẹ̀kùn Jíìnì Gamma? Bí Púrótéènì Ṣe Ń Wá Ojúlé Nínú DNA Ọmọ Inú Oyún

Ẹ bi ìyá tó ti tọ́ ọmọ SS rí léèrè. Ó ṣeé ṣe kó sọ fún yín pé nígbà tóun bí ọmọ náà, kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ó ń mu ọyàn dáadáa, ó ń sùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó tó bí ọmọ oṣù mẹ́fà ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣàdédé wú, tí ẹkún òru bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n wá ń gbé e láti ilé ìwòsàn kan dé òmíràn. Àwọn kan nínú àwọn onímọ̀ gbà pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn tí àwọn baba wa ń pè ní àbíkú. Lónìí, fòníkú-fọ̀ladìde là ń pe àìsàn náà, a sì ti mọ̀ pé inú ẹ̀jẹ̀ ló wà.

Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àìsàn lóṣù kẹfà o. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti lóyún rẹ̀ ló ti gba S kan lọ́wọ́ bàbá, tó gba S kan lọ́wọ́ ìyá. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló ń dáàbò bò ó fún gbogbo oṣù mẹ́sàn-án nínú ikùn, àti oṣù mélòó kan lẹ́yìn tó délé ayé? Ta ló sì wá mú ààbò náà kúrò?

Ní 1948, dókítà àwọn ọmọdé kan ní Brooklyn, nílùú New York, Janet Watson, kíyè sí i pé sẹ́ẹ̀lì tó ń tẹ̀ bíi dòjé kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun tó jogún S. Ó dábàá pé irú hẹmóglóbìn tí ọmọ ń lò nínú oyún ló ń gbà á sílẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ ó tó nǹkan bí 60 ọdún lẹ́yìn náà ká tó mọ púrótéènì tó ń pa hẹmóglóbìn ọmọdé yẹn lẹ́nu mọ́, ó sì tún gba ọdún mẹ́wàá sí i ká tó mọ ibi tó ń dì mú gan-an lára DNA. Ìtàn yẹn ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí, torí pé òun ló bí ìwòsàn tuntun tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Jíìnì márùn-ún lórí ìlà kan

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí hẹmóglóbìn. Òun ni púrótéènì tó mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ́n, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kó máa gbé ọ́síjìn kiri ara. Ègé mẹ́rin ló para pọ̀ di hẹmóglóbìn kan: méjì tó ń jẹ́ alpha, àti méjì mìíràn tó ń yí padà bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Orí kúrómósómù 16 ni jíìnì alpha wà. Àwọn tó ń yí padà yẹn wà lórí kúrómósómù 11. Márùn-ún ni wọ́n, wọ́n sì tò tẹ̀ léra: epsilon, gamma méjì, delta, beta. Gamma méjì yẹn jọra bíi Táíwò àti Kẹ́hìndé, èròjà kan ṣoṣo ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Bí wọ́n ṣe tò náà ni ara ṣe ń lò wọ́n. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tí ọlẹ̀ ṣì kéré gan-an, epsilon ló ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ẹ̀dọ̀ ọmọ bá gba iṣẹ́ ṣíṣe ẹ̀jẹ̀, gamma á gorí oyè. Bí ìbí ṣe ń sún mọ́lé, tí mùdùnmúdùn inú eegun wá gba iṣẹ́ náà, beta á bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, gamma á sì máa relẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá fi máa pé oṣù mẹ́fà, beta ló ti gba púpọ̀ jù lọ. Nínú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, hẹmóglóbìn tó ní gamma, èyí tí wọ́n ń pè ní HbF, kì í ju nǹkan bí ìdá 1 nínú 100 lọ.

Ìdí wà tí ọmọ inú oyún fi nílò HbF. Kì í fimú mí. Ibi ọmọ ló ti ń gba ọ́síjìn látinú ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀, HbF sì ń di ọ́síjìn mú ju hẹmóglóbìn àgbàlagbà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ já nǹkan gbà lọ́wọ́ ẹlòmíì, ọwọ́ tiẹ̀ gbọ́dọ̀ le ju ti onítọ̀hún lọ.

Ó dáa. Inú jíìnì beta ni àléébù SS wà: lẹ́tà kan ṣoṣo, A, ló di T. Lẹ́tà kan yẹn ló ń mú kí àwọn hẹmóglóbìn máa so mọ́ ara wọn nígbà tí ọ́síjìn bá dín kù, tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa á fi tẹ̀ bíi dòjé, tí á sì dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Gamma ò ní àléébù yẹn ní tiẹ̀. Kódà, tí HbF bá wà láàárín wọn, kì í jẹ́ kí wọ́n ríbi so mọ́ ara wọn dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ọmọ SS fi ń wà ní àlàáfíà níwọ̀n ìgbà tí gamma bá ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ẹ wá gbọ́ eléyìí o: gamma ò kú. Kò sọnù. Ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì tèmi, ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì tiyín, ó pé pérépéré bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n bí wa. Ẹnì kan ló kàn ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́

Àwọn àgbàlagbà kan wà tí HbF tiwọn pọ̀ ju ti ẹlòmíì lọ, tí nǹkan kan ò sì ṣe wọ́n. Láàárín 2007 sí 2008, àwọn onímọ̀ fi DNA irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ wé ti àwọn tí HbF wọn kéré, wọ́n ń wá ibi tí lẹ́tà wọn ti yàtọ̀. Ọ̀kan lára ibi tí ìyàtọ̀ ti hàn jù ni inú jíìnì kan lórí kúrómósómù 2, BCL11A. Ẹnu ya àwọn èèyàn, torí ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun àti jẹjẹrẹ ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n mọ́ tẹ́lẹ̀. Kí ló kàn án kan ẹ̀jẹ̀ pupa?

Ní 2008, Vijay Sankaran àti Stuart Orkin pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Boston dín BCL11A kù nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń di ẹ̀jẹ̀ pupa. Gamma jí. Ní 2011, wọ́n mú eku tí wọ́n ti fún ní irú àìsàn SS, wọ́n yọ BCL11A kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ nìkan, àmì àìsàn náà sì lọ. Jíìnì beta tó ní àléébù ṣì wà níbẹ̀ o, ẹnikẹ́ni ò tún un ṣe. Wọ́n kàn jí gamma sílẹ̀ ni.

A ti mọ ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn báyìí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó le jù ló kù: báwo ló ṣe ń mọ ilẹ̀kùn tó máa tì?

Ilé tó ní igi dóńgóyárò níwájú

Ká ní ẹnì kan rán yín níṣẹ́ n'Ìbàdàn, tó ní, "Lọ kan ilẹ̀kùn ilé tó ní igi dóńgóyárò níwájú." Kò sọ àdúgbò, kò sọ òpópónà. Ilé mélòó lẹ fẹ́ kàn kí ilẹ̀ tó ṣú?

Ìṣòro BCL11A nìyẹn. DNA tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo gùn tó nǹkan bíi mítà 2, wọ́n ká a jọ sínú kókó sẹ́ẹ̀lì tí ojú lásán ò lè rí. Tá a bá ka lẹ́tà tó wà nínú ẹ̀dà kan DNA èèyàn, ó tó bílíọ̀nù 3. BCL11A ò ní ojú, kò ní máàpù. Ohun tó ní ni àwọn ọwọ́ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní ìka síńkì, torí pé ẹyọ síńkì kan ló ń mú kí ìka kọ̀ọ̀kan dúró bó ṣe yẹ. Mẹ́ta lára àwọn ìka yẹn ló ń wọnú kòtò tó wà lára DNA, tí wọ́n ń fọwọ́ ka lẹ́tà mẹ́fà: TGACCA.

Lẹ́tà mẹ́fà péré! Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́rin ni DNA ní, A, T, G àti C. Tí wọ́n bá kàn da lẹ́tà sílẹ̀ lásán láìtò ó, ọ̀rọ̀ onílẹ́tà mẹ́fà kan á máa jáde lẹ́ẹ̀kan nínú 4 × 4 × 4 × 4 × 4 × 4, ìyẹn lẹ́ẹ̀kan nínú lẹ́tà 4,096. Ẹ pín bílíọ̀nù 3 sí 4,096, ẹ máa rí ohun tó lé ní 700,000. Okùn DNA méjì ló sì wé mọ́ra, a lè ka ọ̀rọ̀ náà lára èyíkéyìí nínú wọn, nítorí náà ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ilé tó ní igi dóńgóyárò lé ní mílíọ̀nù kan nínú ìlú yìí, BCL11A sì gbọ́dọ̀ dé ẹnu ọ̀nà gamma.

Báwo ló ṣe ń ṣe é? Ìdáhùn náà pé mẹ́ta.

Èkíní, ọ̀pọ̀ òpópónà ló ti wà ní títì. DNA kì í wà ní gbangba bí okùn tí wọ́n sá sórí ìlà. Ara àwọn púrótéènì tó ń jẹ́ hísítóònì ló máa ń wé mọ́, nǹkan bíi lẹ́tà 147 yípo ìdì kọ̀ọ̀kan, bí òwú ṣe ń wé mọ́ kẹ̀kẹ́ òwú. Ibi tó bá wé dan-in, ìka síńkì ò ríbi wọ̀ ọ́. Irú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ló sì ní ibi tiẹ̀ tó wà ní ṣíṣí. Nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń di ẹ̀jẹ̀ pupa, àwọn púrótéènì mìíràn bíi GATA1 ti ṣí àdúgbò globin sílẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì awọ ara yín, àdúgbò kan náà wà ní títì. Nítorí náà BCL11A ò nílò láti kan gbogbo ilé ìlú. Géètì tó ṣí nìkan ló ń wọ̀.

Èkejì, ipò tí ọ̀rọ̀ náà wà ṣe pàtàkì. Ní 2018, àwọn onímọ̀ lo ọgbọ́n kan tí wọ́n ń pè ní CUT&RUN: wọ́n fi àńtíbọ́dì wá púrótéènì náà níbi tó jókòó sí, wọ́n so ẹ́ńsáìmù tó ń gé DNA mọ́ àńtíbọ́dì yẹn, ẹ́ńsáìmù náà wá gé DNA tó wà lápá ọ̀tún àti apá òsì púrótéènì. Ègé tó já bọ́ ni ojúlé tó ń gbé. Níwájú jíìnì gamma, TGACCA fara hàn lẹ́ẹ̀mejì: ọ̀kan wà ní nǹkan bíi lẹ́tà 115 ṣáájú ibi tí kíkà jíìnì ti ń bẹ̀rẹ̀, èkejì sún mọ́ ọn díẹ̀, ní nǹkan bíi 90. Ọ̀rọ̀ kan náà ni o, àmọ́ èyí tó jìnnà ni BCL11A ń jókòó lé. Ọ̀rọ̀ nìkan ò tó, ibi tó wà àti àwọn tó yí i ká náà ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹlòmíì ń du ìjókòó náà. Púrótéènì kan wà tó ń jẹ́ NF-Y, iṣẹ́ tiẹ̀ ni pé kó jí gamma. Ọ̀rọ̀ tó ń kà, CCAAT, wà nítòsí TGACCA yẹn gan-an. Àwọn méjèèjì ò lè jókòó pọ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì ọlẹ̀, BCL11A ò pọ̀, NF-Y á jókòó pẹ̀sẹ̀, gamma á máa ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìbí, BCL11A á pọ̀ sí i, á gba àyè, NF-Y á dìde. BCL11A kì í sì dá wá. Ó ń kó ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ NuRD lẹ́yìn, àwọn tó ń yọ àmì kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí DNA tú sílẹ̀ kúrò lára hísítóònì. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́, ibẹ̀ á fún, ilẹ̀kùn á tì pa. Ẹ̀ṣọ́ kejì tún wà, ZBTB7A, tó ń dúró ní nǹkan bíi lẹ́tà 200 ṣáájú jíìnì náà. Ẹ̀ṣọ́ méjì lẹ́nu ọ̀nà kan.

Ẹ̀rí látara èèyàn

Ẹ lè ní, "Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé TGACCA yẹn ni?" Ìṣẹ̀dá ti ṣe ìdánwò náà fún wa. Láti àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti mọ àwọn ìdílé kan nílẹ̀ Gíríìsì tí HbF wọn kì í lọ sílẹ̀ bó ṣe yẹ lẹ́yìn ìbí. Nígbà tí wọ́n ka DNA wọn, wọ́n rí i pé lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà níwájú gamma, ní ipò 117: G di A. Kò sẹ́ni tó mọ ìdí tí lẹ́tà kan yẹn fi lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wo TGACCA padà. Lẹ́tà kejì inú rẹ̀ ni G yẹn. Nínú àwọn èèyàn wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ náà ti di TAACCA. BCL11A dé ẹnu ọ̀nà, kò dá ilé mọ̀ mọ́, ó kọjá lọ. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé lẹ́tà karùn-ún ló yí padà nínú tiwọn, HbF tiwọn náà pọ̀. Ó ju 30 ọdún lọ tí àṣírí yẹn ti wà níwájú wa kí ẹnikẹ́ni tó lè túmọ̀ rẹ̀.

Ẹni tó bá jogún S lọ́dọ̀ òbí kan, tó sì jogún irú àyípadà tó ń mú HbF pọ̀ gan-an lọ́dọ̀ òbí kejì, àìsàn tiẹ̀ sábà máa ń fúyẹ́.

Àwọn tí kì í ka ojúlé, àdúgbò ni wọ́n ń wò

Kì í ṣe gbogbo púrótéènì tó ń pa jíìnì ló ń ṣe bíi BCL11A. Ìdílé kan wà tó ń jẹ́ Polycomb, wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí ọlẹ̀ ò tíì ní ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀.

Ara eṣinṣin kékeré tó máa ń yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù ká ni orúkọ yẹn ti wá. Akọ rẹ̀ ní òòyà kékeré lára ẹsẹ̀ méjì iwájú. Ní 1947, Pamela Lewis kọ̀wé nípa àwọn kan tó ní òòyà lára ẹsẹ̀ àárín àti tẹ̀yìn pẹ̀lú. Òòyà púpọ̀, ohun tí Polycomb túmọ̀ sí nìyẹn. Ní 1978, ọkọ rẹ̀, Edward Lewis, ṣàlàyé pé ohun tó bàjẹ́ nínú eṣinṣin wọ̀nyẹn ni púrótéènì tó yẹ kó máa pa àwọn jíìnì Hox. Jíìnì Hox ló ń sọ fún apá ara kọ̀ọ̀kan ohun tó máa dà: ìwọ di orí, ìwọ di àyà, ìwọ di ìdí. Tí èyí tó yẹ kó dákẹ́ ò bá dákẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á rò pé òun ni ẹsẹ̀ iwájú. Ó gba Ẹ̀bùn Nobel pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn ní 1995. Èèyàn náà ní jíìnì Hox, 39 ni tiwa.

Nínú eṣinṣin, ojúlé Polycomb hàn díẹ̀. Àwọn ègé DNA kan wà, tó gùn tó lẹ́tà ọgọ́rùn-ún mélòó kan, tí púrótéènì bíi PHO ń ka ọ̀rọ̀ lára wọn, tó sì ń pe Polycomb wá. Nígbà tí wọ́n wá irú ojúlé bẹ́ẹ̀ nínú eku àti èèyàn, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Àdúgbò ni wọ́n rí: àwọn ibi tí lẹ́tà C àti G pọ̀ sí gan-an, tí wọ́n ń pè ní erékùṣù CpG. Nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá jíìnì wa ló ní erékùṣù yìí lẹ́nu ọ̀nà.

Ìdánwò kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010 ló dùn mọ́ mi jù. Wọ́n mú ègé DNA méjì láti ara E. coli, kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé nínú ìfun, ègé tí C àti G pọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n fi í sínú DNA sẹ́ẹ̀lì ọlẹ̀ eku. Polycomb wá jókòó lé e! E. coli ò ní Polycomb, DNA rẹ̀ ò sì mọ eku rí. Kò lè jẹ́ ojúlé kan pàtó ni Polycomb kà níbẹ̀. C àti G tó pọ̀ ló rí, tó sì rí i pé kò sẹ́ni tó ń jí jíìnì níbẹ̀.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Púrótéènì kan, KDM2B, ń dá C àti G tó tẹ̀ léra mọ̀, tí àmì methyl ò bá sí lórí C. Ó ń mú ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ wá, PRC1, tó ń fi àmì sára hísítóònì. Ẹgbẹ́ kejì, PRC2, rí àmì yẹn, ó wá fi tiẹ̀ kún un, PRC2 mìíràn sì lè rí àmì PRC2 kó tún wá ṣiṣẹ́ sí i. Àmì ń pe àmì. Tí jíìnì bá wà lẹ́nu iṣẹ́, wọn kì í ráyè fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Ní 2014, àwọn onímọ̀ dá kíkà jíìnì dúró nínú sẹ́ẹ̀lì eku, PRC2 sì wá jókòó sórí àwọn erékùṣù CpG tí kò sí tẹ́lẹ̀. Ó dà bíi alámòójútó ọjà tó ń rìn kiri: ṣọ́ọ̀bù tó ń tà, á kọjá lọ, ṣọ́ọ̀bù tí ò tà, á ti páàdì mọ́ ọn.

Ṣé àmì nìkan wá tó láti máa rántí láìlópin? Ní 2017, àwọn onímọ̀ yọ ojúlé Polycomb kúrò lára DNA eṣinṣin lẹ́yìn tí àmì ti wà níbẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń pín, àmì náà ń dín kù, títí tí jíìnì fi jí. Nínú eṣinṣin, ó kéré tán, àmì dà bí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Òjò á pa á. Ẹni tó mọ ojúlé gbọ́dọ̀ máa padà wá lẹ òmíràn.

Kí ló kàn wá?

Ó kàn wá gan-an. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kọ ọ́ pé nǹkan bí ọmọ 150,000 ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àìsàn yìí lọ́dọọdún ní Nàìjíríà nìkan, àti pé nínú àwa mẹ́rin, bí ẹnì kan ló ń gbé S kan kiri.

Oògùn hydroxyurea, tí wọ́n fọwọ́ sí fún àìsàn yìí ní Amẹ́ríkà ní 1998, ń mú HbF pọ̀ sí i. Dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fún èèyàn, torí wọ́n ní láti máa ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún.

Ìwòsàn tuntun ni Casgevy, tí ìjọba Britain fọwọ́ sí ní November 2023, tí Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní December. Ẹ lè rò pé wọ́n kàn ba BCL11A jẹ́. Rárá o. Ara nílò BCL11A níbòmíràn, ọpọlọ nílò rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ funfun náà nílò rẹ̀. Àmọ́ ní 2013, wọ́n ti rí ṣíwíìṣì kan nínú jíìnì BCL11A tó jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ló ń lò ó. GATA1 ló ń jókòó sórí rẹ̀ láti tan BCL11A. Wọ́n ń yọ sẹ́ẹ̀lì ìpilẹ̀ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn jáde, wọ́n ń gé ibi tí GATA1 ń kà, wọ́n á sì dá sẹ́ẹ̀lì náà padà. GATA1 ò rí ojúlé rẹ̀ mọ́, BCL11A á wálẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ pupa, TGACCA á ṣófo, NF-Y á jókòó, gamma á jí. Gbogbo ohun tá a ti ń sọ láti òkè ló wà nínú gbólóhùn kan yẹn. Nínú aláìsàn 31 tí wọ́n ti tẹ̀ lé pẹ́ tó nígbà tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i, 29 ló lo ó kéré tán oṣù 12 gbáko láìní ìrora líle tó máa ń gbé wọn dé ilé ìwòsàn.

Ká má tan ara wa: owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà jẹ́ mílíọ̀nù 2.2 dọ́là fún ẹnì kan. Aláìsàn sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba oògùn líle tó ń pa mùdùnmúdùn eegun, tó lè dí ọmọ bíbí lọ́wọ́. Kò tíì di ohun tí ìyá Àdùkẹ́ l'Ọ́ṣogbo lè nawọ́ mú. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń wá kóró oògùn tó lè lé BCL11A kúrò lẹ́nu ọ̀nà gamma láìgé DNA ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú oògùn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí púrótéènì náà ṣe ń dá ojúlé mọ̀. Ẹ rí i pé ìmọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé lásán.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a lè lò lónìí láìná mílíọ̀nù kankan. Oṣù mélòó kan tí gamma ṣì fi ń ṣọ́ ọmọ yẹn, àyè ló jẹ́. Ara ọmọ yá lójú, ìdí nìyẹn gan-an tí ọ̀pọ̀ òbí fi ń rò pé àyẹ̀wò ò pọn dandan. Ẹ má dúró de ọwọ́ wíwú. Ìkán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti gìgísẹ̀ ọmọ ti tó fún àyẹ̀wò. Kí ẹ sì bi wọ́n léèrè irú àyẹ̀wò tó jẹ́, torí èyí tí wọ́n kàn fi ń wò ó bóyá sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lè tan yín jẹ nígbà tí HbF ṣì pọ̀. Èyí tó ń ya hẹmóglóbìn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni kẹ́ ẹ béèrè. Tí wọ́n bá mọ̀ ní kíá, ọmọ á rí abẹ́rẹ́ àjẹsára gbà lásìkò, á sì bẹ̀rẹ̀ pẹnisílíìnì. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1986 fi hàn pé pẹnisílíìnì ojoojúmọ́ dín àkóràn líle kù ní ìdá 84 nínú 100 lára àwọn ọmọ SS kéékèèké.

BCL11A máa dé. Ó mọ ojúlé, kì í ṣìnà. Ẹ jẹ́ ká ti mọ jẹ́nótáìpù ọmọ kó tó ti ilẹ̀kùn.